Fíltà Tí Súlè Yàn fún Máṣínì Bàbá Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá mi àgbà, ọdún tó ṣe ìrìbọmi àti ọdún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó lọ wo ìwé ètò ìsìnkú tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, tòun ti fọ́tò tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà bá a nu gbogbo ìlà ọjọ́ ogbó kúrò lójú, tó fi wá dà bí àbúrò ara ẹ̀. Mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi díẹ̀, nítorí pé kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ fíltà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá Jóṣúà ní Kàbà, ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ bàbá yìí tán kó má dárúkọ fíltà?

Fíltà ọ́ìlì máṣínì ni mò ń wí. Máṣínì ni àwa níbí ń pe alùpùpù. Asẹ́ kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó jẹ́ pé bébà ni wọ́n fi ṣe é. Òun ló ń gba ìdọ̀tí sílẹ̀ lára ọ́ìlì kí ọ́ìlì tó yí ẹ́ńjìnì ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gun máṣínì láti ìgbà ọ̀dọ́ dé ọjọ́ ogbó tí wọn ò fojú kàn án rí. Wọ́n á ní iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn. Ní ti Bàbá Àgbà, kò sí ohun tó ń wọ inú máṣínì rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lórí fèrèsé yàrá rẹ̀, níbi tí àwọn bàbá ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kó ìwé orin àti awò ojú sí, fíltà tó ti fi ọ̀bẹ là sí méjì ló tò síbẹ̀ bí awẹ́ obì. Bí àlejò bá jókòó tán, tó mu omi tán, Bàbá á nawọ́ mú ọ̀kan, á ní, “Wo èyí. Ṣé ìwọ lè fi sínú máṣínì ẹ?” Ọ̀rọ̀ Òwé, èdè àwa ará Kàbà, ló fi ń sọ gbogbo ohun tó bá sọ, èmi ni mo ń tún un sọ báyìí kí àwọn tí kì í ṣe ará ilé lè bá wa gbọ́.

Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ló ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀. Òun ló ń gun máṣínì gbé fáìlì àti ìwé ìpàdé lọ sí àwọn abúlé ilẹ̀ Bùnú, lójú ọ̀nà tí eruku ẹ̀ ń pọ́n bí osùn lẹ́ẹ̀rùn, tí ẹrẹ̀ ẹ̀ sì ń gbé bàtà mì lójò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fíltà ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí bó ṣe ń sọ ọ́ lónìí kọ́ ló ń sọ ọ́ lọ́la. Nígbà mìíràn, á ní ẹ́ńjìnì òun kú sínú igbó, òun sì sùn sórí igi. Nígbà mìíràn, á ní ilé olórí abúlé kan lòun sùn, tí wọ́n fi iyán àti ẹran ìgalà ṣe òun lálejò. Bí mo bá rán an létí pé orí igi ló ní òun sùn níjẹta, á ní orí igi lòun kọ́kọ́ sùn. Ohun tí kì í yí padà nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì ọ̀hún, bébà fíltà ni wọ́n bá tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, tó sì lọ dí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, “Ọ̀tá tó wà níta kì í ba máṣínì jẹ́ tó ọ̀rẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa mú wọlé.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ra fíltà, torí mo tẹ̀ lé e lọ débi pé mo lè dijú ṣe é. Kì í wo páálí. Ó ní páálí kì í wọ inú ẹ́ńjìnì. Á yọ fíltà náà jáde, á gbé e ka àtẹ́lẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó tó ti fi nálọ́ọ̀nù dì wá láti ilé. Bí tuntun bá fi díẹ̀ kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ó parí nìyẹn, torí ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìsẹ́. Lẹ́yìn náà, á fi èékánná tẹ rọ́bà tó yí ojú ihò ẹ̀ ká. Rọ́bà tó dára á rọ̀, á sì padà sípò. Èyí tí kò dára á le gbagidi, tàbí kí ojú èékánná dúró síbẹ̀. Á fi àtàǹpàkò ṣí àwọn ìṣẹ́po bébà náà wò. Èmi tí mò ń ránṣọ mọ ohun tó ń wá níbẹ̀: bíi ti síkẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé, ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọ̀kan má fún mọ́ èkejì, kí ibì kan má sì là sílẹ̀. Níkẹyìn, á gbé e sókè sí oòrùn, á fi ojú kan wo inú ihò ẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi tí wọ́n ti lẹ bébà mọ́ irin. Àwọn tó ń kọjá lọ á máa wò ó bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní “Tò,” á sì nawọ́ mú òmíràn.

Alhaja Sàlámátù ló ń ta páàtì máṣínì fún un. Ìdílé Mùsùlùmí tó ti ń ṣòwò ní Kàbà láti ayébáyé ni ìyá yìí ti wá, kò sì sẹ́ni tí Bàbá bá jà tó o láyé. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ló ń dá ìjà wọn sílẹ̀. Bàbá kì í ra fíltà ẹyọ kan. Méjì ló ń rà, á la ọ̀kan níwájú ṣọ́ọ̀bù kó lè rí inú ẹ̀ kó tó gba èkejì gbọ́. Bí inú ẹ̀ kò bá dára, Bàbá á sọ ọ́ tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù á gbọ́, ẹni tó ti ń yọ owó á sì rọra dá a padà sápò. Alhaja ní ó ń lé oníbàárà òun. Bàbá ní òun ń bá a wo ọjà ẹ̀ ni. Ó dé ìgbà kan tí Alhaja lé e kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù pátápátá, ó ní kó má tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, òun fúnra ẹ̀ ló tún ránṣẹ́ pè é. Àwọn tó ń kó páàtì wá fún un ti kó fíltà tuntun dé, ó sì fẹ́ kí Bàbá wá là á wò kí òun tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ti bá a pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Ọ̀tá mi ni bàbá ẹ, ṣùgbọ́n kì í purọ́ fún mi.”

Ìyá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, ògì ló ń tà. Asẹ́ aṣọ kì í kúrò lórí okùn ní ẹ̀yìn ilé wa. Lọ́jọ́ kan, Bàbá pààrọ̀ fíltà, ó sì gbé èyí tó yọ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Iye rí i, ó rò pé ó dọ̀tí ni, ó fẹ́ ṣe ọkọ ẹ̀ lóore. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná ṣàn án títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ó sì sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ ògì. Nígbà tí Bàbá ti oko dé, Iye gbé e fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kó má tún lọ sọ́dọ̀ Alhaja lóṣù yìí, òun ti bá a fọ asẹ́ ẹ̀. Mo rò pé á bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa àpótí, ó ní kí Iye jókòó, ó la fíltà náà níwájú ẹ̀. Bébà inú ẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tó wọ omi. Ó wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, “Iye, kì í ṣe gbogbo asẹ́ là ń fọ̀. Òmíràn wà, bó bá ti gba ìdọ̀tí tiẹ̀ tán, ká kí i pé ó ṣeun, ká jẹ́ kó sinmi.” Iye wò ó, ó ní ó mà dára o tí òun kì í ṣe fíltà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kì í ṣe fíltà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Kò gba ohunkóhun tí wọ́n bá dì gbọ́. Bí wọ́n bá gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún un láti ilé àna, á tú u wò lójú ẹni tó gbé e wá kó tó dúpẹ́, ojú á sì máa ti Iye. Bí oníwàásù bá wá láti ìlú òkèèrè, Bàbá á ní kó kọ́kọ́ dá òun lóhùn kí ni orúkọ ìyàwó ẹ̀ àti pé níbo ló fi í sí. Bàbá mi tó bí mi, tó jẹ́ ọlọ́pàá, ní jíjẹ́ tí òun jẹ́ ọmọ Bàbá ló sọ òun di ọlọ́pàá. Ìgbà kan wà tí ìyá ìjọ kan bínú pé ó tú àpótí ẹ̀bùn òun wò ní gbangba. Bàbá fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò jáwọ́, ó ní, “Ẹni tó fún mi ní ohun tó dára kò ní bínú bí mo bá wò ó.”

Nílẹ̀ wa, kí wọ́n tó fa ọmọ lé ọkùnrin lọ́wọ́, ó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá sóko àna láti wá kọ ebè iṣu. Ó ṣì wà láwọn ibì kan. Níbòmíràn, owó ni wọ́n ń gbà dípò ẹ̀. Bàbá kò fẹ́ èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀lẹ tí kò lè kọ ebè lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá ń gún iyán dè é. Tirẹ̀ ni pé á mú ọkùnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja, á ní kó yan fíltà kan fún máṣínì òun. Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn lè tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lanu, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú. Bí ọkùnrin bá yàn tán, Bàbá á la ohun tó yàn, wọ́n á jọ wo inú ẹ̀, wọ́n á padà sílé. Ó di ìgbà tó bá wù ú láti sọ ọ́ kí a tó mọ èrò ọkàn ẹ̀.

Ọkọ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá mi, yan èyí tó dára lẹ́ẹ̀kan náà, títí dòní kò sì tíì dákẹ́ ìròyìn ẹ̀. Ọkọ Tóyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ fi fóònù pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ó fún un ní Tóyìn, ó ní, ó kéré tán, ó mọ ẹni tí à ń bi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ti kọ́kọ́ fẹ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọ̀gbẹ́ni aláṣọ funfun kan tó gbọ́n lẹ́nu. Èyí tí kò dára ló yàn. Nígbà tí Bàbá là á, tí bébà ẹ̀ ń ya bí ewé gbígbẹ, ó ní ẹ̀bi òun kọ́, pé Alhaja ló rẹ́ òun jẹ. Bàbá fún un ní iṣu kó gbé lọ sílé, kò fún un lọ́mọ. Nítorí náà, gbogbo wa ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fíltà yìí kì í ṣe eré.

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀dọ̀ Bàbá àti Iye ni mo dàgbà sí, torí iṣẹ́ ọlọ́pàá ń gbé bàbá mi kiri. Bàbá mi sì ti sọ lórí fóònù pé ẹni tí Bàbá Àgbà bá fọwọ́ sí lòun máa fọwọ́ sí, ẹni tó bá kọ̀, òun náà kọ̀ ọ́. Súlè ni mo fẹ́. Ará Ẹ̀júkù ni, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́kọ́jà lódìkejì ibi tí mo ti ń ránṣọ, ọkùnrin tó máa ń nu àga títí á fi rí ojú ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Kò gun máṣínì rí láyé ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí Bàbá bá ní rárá, mi ò ní lè kẹ̀yìn sí Bàbá, mi ò sì ní lè gbàgbé Súlè. Màá kàn wà láàárín bí òwú tó já.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Súlè dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, ó ní, “Okun o, Bàbá.” Bàbá ní, “Okun, ọmọ mi,” ó fún un lómi, ó fún un ní iyán, a sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Alhaja to fíltà tó dára àtèyí tí kò dára pọ̀ sórí káńtà. Súlè wò wọ́n títí. Ó wo páálí. Ó wá nawọ́ sí èyí tó ń dán jù lọ, tí wọ́n fi nálọ́ọ̀nù wúrà wé. Ó tú u, ó yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ àga, ó ní iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, òun yan èyí. Bàbá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi èékánná tẹ rọ́bà ẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí i pé ojú èékánná dúró síbẹ̀. Mo dúró de ọ̀bẹ. Alhaja gan-an ti nawọ́ ọ̀bẹ sí i.

Bàbá kò gba ọ̀bẹ. Ó ní “Tò,” ó fi fíltà náà sápò agbádá, ó sì ní ká máa lọ sọ́dọ̀ Mọ́mọ̀. Mọ́mọ̀ ni mẹkáníìkì ẹ̀, Ẹ̀bìrà tó ti pẹ́ ní Kàbà tó ń sọ Òwé ju àwọn ọmọ tiwa lọ. Nígbà tó rí ohun tí Bàbá gbé lé e lọ́wọ́, ó wo Bàbá, ó wo Súlè, ó tún wo Bàbá. Ó bi í bóyá èyí gan-an ló fẹ́. Bàbá ní, “Fi sí i.”

Mo padà sí Lọ́kọ́jà pẹ̀lú ìbínú. Inú bí mi sí Súlè tí kò lè tẹ rọ́bà lásán, inú bí mi sí Bàbá tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò pẹ́ tí Iye fi pè mí pé máṣínì Bàbá ti kú sọ́nà oko. Ẹ́ńjìnì dì gbagidi, àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ló bá a tì í wọ̀lú. Gbogbo Kàbà ló gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ti ń gba ìbáwí lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ rí ọjọ́ ẹ̀san. Wọ́n ń kí i pé Bàbá Fíltà, ojú ti ń lọ o. Wọ́n bi í pé ta ló ra fíltà ọ̀hún, ó ní òun ni, pé àgbà ló ń dé. Ó ti kìlọ̀ fún Mọ́mọ̀ àti Alhaja pé wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iye ní ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko láràárọ̀, pé bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá délé, kì í jẹun dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn ní tó fi ń yangàn láyé ni ojú tó fi ń mọ fíltà, ó sì ti fi í tọrẹ.

Mo pe Súlè, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo sọ pé Bàbá ti gbà á sọ́rùn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mi ò sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì pa fóònù. Nígbà tí mo pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní títì. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mi ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo rò pé ó ti sá lọ ni, mo sì sunkún sórí aṣọ aláṣọ.

Iye ló pè mí lọ́sàn-án. Ó ní kí ló dé tí ọmọ Ẹ̀júkù yẹn ń ti máṣínì Bàbá káàkiri ọjà. Súlè ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Lọ́kọ́jà. Ó dé ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí fàráńdà, ó ní òun wá gbé máṣínì lọ sọ́dọ̀ Mọ́mọ̀. Bàbá ní kó dúró kí ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e. Ó kọ̀. Ó di ọwọ́ máṣínì náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í gba àárín ọjà kọjá, lójú ọ̀sán. Kò sẹ́ni tí kò mọ máṣínì yẹn. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ń bi í pé kí ló ṣe máṣínì Bàbá Fíltà, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn pé, “Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo yan fíltà tó wà nínú ẹ̀, kì í ṣe Bàbá.” Ó sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kadà, ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta iṣu. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaja, ìyá náà jáde sí i, ó ní ṣé orí ẹ̀ pé ṣá, ṣé kò mọ̀ pé bàbá àgbà ti bò ó láṣìírí ni. Súlè nu òógùn, ó ní, “Mo mọ̀, Alhaja. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Bàbá kí máṣínì tó dé ọ̀dọ̀ Mọ́mọ̀. Iye ní ó dìde, ó wọ yàrá lọ, nígbà tó jáde, ó ti fọ ojú. Ó ní kí Iye gbé oúnjẹ wá. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, gbogbo Sátidé ni Súlè ń wá jókòó ti Mọ́mọ̀, ó ń bá a fọ irin, ó ń bá a di nọ́ọ̀tì, títí wọ́n fi tún ẹ́ńjìnì náà kọ́. Lọ́jọ́ tó padà dún, Bàbá gùn ún yí ọjà ká tòun ti Súlè lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ń fọn fèrè níwájú àwọn ọlọ́kadà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí Súlè pé kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Ìsánlú ní òun kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ọmọ yìí. Bàbá bi í bóyá ọ́ìlì ṣọ́ọ̀ṣì ni Alhaja ń tà fún òun láti gbogbo ọdún yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀rọ̀ fíltà ńkọ́, ṣebí èyí tí kò dára ló yàn. Bàbá dá a lóhùn níwájú gbogbo ẹbí pé, “Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ tí kò sá, àna mi ni.”

Bàbá lọ lẹ́yìn ìkórè iṣu, ní àárọ̀, lórí àga tí Súlè kàn fún un. Ó ti jẹun, ó ti kí Iye, ó ti bi í bóyá òjò tún máa rọ̀. Ìbànújẹ́ wa ò pọ̀. Ó pẹ́ láyé, ó rí ọmọ ọmọ, ó sì rí ọmọ tèmi, ó gbé e sókè sí oòrùn ó sì wò ó dáadáa. Àlàáfíà ló wà lọ́kàn mi bí mo ti ń kọ èyí. Alhaja Sàlámátù wà lẹ́bàá sàréè lọ́jọ́ náà, ó ń fi gèlè nu ojú. Nígbà tó kàn án láti kí i pé ó dìgbà, ó ní, “Bàbá Jóṣúà, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ. Ohun tí wọ́n bá ń gùn ni kí ẹ bá wọn gùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé oníbàárà wọn.” Gbogbo èrò sàréè ló rẹ́rìn-ín, pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ohun kan kù tí mi ò tíì sọ. Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi, mo lọ kí Bàbá ní Kàbà. Àwa méjì la jókòó sí fàráńdà, ó ń bó ẹ̀pà fún mi. Mo bi í bóyá ó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé fíltà tí Súlè yàn kò dára. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ó la ti àwọn yòókù, kí ló dé tí kò la tiẹ̀, tó fi jẹ́ kó ba ẹ́ńjìnì ara ẹ̀ jẹ́. Ó ní bí a bá la fíltà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lèèyàn á sọ, pé òun fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí máa ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní tòótọ́. Ó ní àwọn yòókù ní bàbá nítòsí tó máa ṣọ́ wọn. Èmi, ọwọ́ òun ni wọ́n fi mí sí.

Mo ní, “Bí kò bá wá ńkọ́, Bàbá? Pẹ̀lú bí ẹ ṣe fẹ́ràn máṣínì yẹn tó?”

Ó da ẹ̀pà tó ti bó sí mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ́ńjìnì kan ni ì bá lọ, wọ́n sì ń ta páàtì ẹ̀ lọ́jà. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń ta tìẹ?”